Fáìlì Tí Dádì Ṣí fún Ẹnu Jéédìn

Ẹ bá mi kí ìgbéraga kékeré kan tí kò gba ààyè ju ihò imú lọ: ìgbéraga òbí tí ọmọ rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kí eyín rẹ̀ tó pé. Ìgbéraga ọlọ́lá! Kò béèrè ilé ńlá, kò béèrè mọ́tò tuntun, kò tilẹ̀ béèrè pé kí ọmọ náà ní ohun kan pàtó láti sọ. Ohun tó ń fẹ́ ò ju pé kí àlejò jókòó sí pálọ̀, kí ọmọ ọdún méjì kọjá níwájú rẹ̀, kí ó sì wí pé "excuse me" láti inú imú, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Mo ti rí ọ̀gá àgbà ní iléeṣẹ́ ìjọba, ẹni tí àwọn akọ̀wé ń sá fún ní kọ́rídọ̀, tó rọ̀ wọ̀ọ̀ bíi búrẹ́dì inú tíì nítorí pé ọmọ rẹ̀ pe adìẹ ní "chicken". Mo ti rí obìnrin tó jẹ́ kí obẹ̀ jóná kanlẹ̀ nítorí pé ó ń fi fóònù gba ohùn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń ka A, B, C. Ayọ̀ tí ìgbéraga yìí ń fún èèyàn kì í ṣe kékeré, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, àyàfi ọmọ náà. Nínú ilé wa ní Gwarinpa, ní Abuja, ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ní àga tirẹ̀ nídìí tábìlì, òun la sì kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún.

Orozo, ní ìpẹ̀kun Abuja, ni wọ́n ti bí èmi, nínú yàrá kan àti pálọ̀ kan, nígbà tí àwọn òbí mi ò tíì mọ̀ pé Yorùbá ń ba ọmọ jẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi wẹ̀ mí, òun ni wọ́n fi rẹ̀ mí, òun ni wọ́n sì fi nà mí. Gẹ̀ẹ́sì bá mi ní iléèwé, mo gbà á lálejò, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti gbé Dádì ga lẹ́nu iṣẹ́ ní mínísìrì, a ti kó wá sí fúláàtì ìsàlẹ̀ kan ní Gwarinpa, ilẹ̀ rẹ̀ ti di táìsì, Mọ́mì ti ní fóònù Bíláákìbẹ́rì tó máa ń pa pìǹgì bí ẹyẹ, a sì ti bí àbúrò mi. Ayọ̀délé ni wọ́n sọ ọ́ níwájú ìjọ. Kí wọ́n tó kó àga àlejò kúrò nílẹ̀, ó ti di Jéédìn. Jéédìn ti ń rìn, ó ti ń sáré, ó ti ń gun orí firíìjì bí ẹni tó ní nǹkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ní fúláàtì òkè, Sóè ọmọ Mọ́mì Sóè, tí oṣù rẹ̀ kò ju ti Jéédìn lọ, ti ń sọ fún àwọn tó ń ta omi nínú kẹ̀kẹ́ pé "not today". Mọ́mì á gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, á sì tú èémí jáde bí àtùpà tí wọ́n fẹ́ pa.

Òfin kan ló wà nínú ilé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá sí Jéédìn. Mọ́mì ló ṣe òfin náà, Dádì bu ọwọ́ lù ú. Ohun tí ẹnì kankan ò rò ni pé Gẹ̀ẹ́sì tó wà nílé wa kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń bá ọmọ ṣeré. Gẹ̀ẹ́sì Dádì, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tà ọ́fíìsì ni. Bí Jéédìn bá ti ọwọ́ bọ inú ògì gbígbóná, èmi á ti pariwo "yéè!", Dádì á sì bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "a rọ̀ ọ́ láti jáwọ́ nínú ìwà yìí láì fi àkókò ṣòfò". Kí gbólóhùn náà tó dé ìparí, ọwọ́ ti bó. Ti Mọ́mì, Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò ni: "What is this? Say fridge. Say it." Jéédìn á wo firíìjì, á wo Mọ́mì, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyókù ọjọ́ náà, tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ẹranko aláwọ̀ búlúù kan níbẹ̀ tó máa ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ, tí yóò sì dá ara rẹ̀ lóhùn lójú ẹsẹ̀, tí yóò tún pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Mo ti bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà.

Mọ́mì ò jókòó lásán. Ó lọ tẹ orúkọ nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi ọ̀rá bò wọ́n, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ gbogbo ara ilé: ilẹ̀kùn, àga, fèrèsé, garawa ìgbọ̀nsẹ̀ Jéédìn. Ọmọ tí kò mọ̀ pé òun ní orúkọ ni à ń lẹ ìwé fún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Jéédìn ti jẹ ìdajì TABLE, ó sì ti ju DOOR sínú táǹkì omi. Ti Dádì yàtọ̀. Dádì gbà gbọ́ pé kò sí ìṣòro kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní rẹlẹ̀ bí a bá ṣí fáìlì fún un. Ó mú fáìlì aláwọ̀ pákó kan wá láti mínísìrì, ó fi okùn aláwọ̀ ewé so ó, ó kọ orúkọ Jéédìn àti "Ìdàgbàsókè Ọ̀rọ̀ Ẹnu" sára rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tà gàdàgbà, ó sì fi rúlà la òpó márùn-ún sí ojú ìwé kìíní: ọjọ́, ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ, ẹni tó gbọ́ ọ, ẹlẹ́rìí, àkíyèsí. Lọ́jọ́ kan Mọ́mì sáré jáde láti bálùwẹ̀ pé Jéédìn pe òun ní "Mọ́mì", ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Dádì dé lálẹ́, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka á, ó sì kọ ọ́ sí òpó àkíyèsí pé ẹlẹ́rìí ò sí, kí wọ́n ṣì máa fojú sí ọ̀rọ̀ náà. Mọ́mì ò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Èmi ni wọ́n fi ṣe wolé-wolé. Bí àwọn wolé-wolé àtijọ́ ṣe ń wo ìdí ìkòkò omi bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń wo ẹnu àwọn èèyàn bóyá Yorùbá ń jáde níbẹ̀ nítòsí Jéédìn. Mo ní bírò pupa kan àti pẹ́ńsù kan. Kò sí ohun tó dùn tó agbára lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ìsinmi gígùn bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó ń tọ́jú Jéédìn lọ́sàn-án kó lọ sí ìlú ọkọ rẹ̀, ni Dádì bá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Bí Màmá Ẹ̀kìtì ṣe dé nìyẹn, pẹ̀lú báàgì Gánà méjì, iṣu tó kún àpò, àti odó. Odó gidi, nínú bọ́ọ̀sì láti Ẹ̀kìtì títí dé Abuja. Ó ní òun gbé e lé itan. Mọ́mì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí i, ó fún un lómi tútù, ó jẹ́ kó mu ún tán, lẹ́yìn náà ló wá ka òfin.

"Màmá, ẹ má bínú o. Wọ́n ní èdè méjì máa ń da ọpọlọ ọmọ rú. Gẹ̀ẹ́sì nìkan là ń sọ sí Jéédìn, mà."

"Ta ni Jéédìn?"

"Ayọ̀délé, mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Àlàbí mi." Oríkì ni Màmá ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sì yí i padà.

"Ẹ sáà máa fi èyí tẹ́ ẹ bá gbọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀, mà. Bó ti wù kó kéré mọ."

Màmá fara balẹ̀ wo òkè àjà, ó ń ṣà wọ́n. "Mo gbọ́ 'come'. Mo gbọ́ 'go'. Mo gbọ́ 'thank you'."

"Ó ti tó, mà."

"Ó tó kẹ̀? Bí mo bá ní kó wá, tí mo ní kó lọ, tí mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó mi, kí la ó wá máa ṣe títí ẹ ó fi ti ọ́fíìsì dé?"

Dádì rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Mọ́mì, ó sì sọ ẹ̀rín náà di ikọ́.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, Màmá pa òfin mọ́ nínú pálọ̀. "Kọ́ọ̀mù," á sì tún sọ pé "gó", ọmọ náà á sì máa lọ, á máa bọ̀, bíi ìránṣẹ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé ìdáná wa, láàárín táǹkì omi àti ògiri, àyè kan wà tí wọ́n gbé odó sí lórí àpò, nítorí Mọ́mì ò fẹ́ kí ó fọ́ táìsì. Ibẹ̀ ni Màmá ń jókòó sí láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì iná àwọn ará òkè bá ń dún, tí bàbá Hausa tó ń tún bàtà ṣe bá ń kọjá lójú ọ̀nà, tó ń fi igi kan àpótí rẹ̀, kó-kó-kó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo ń bọ̀ láti wá ife ike ńlá mi, ni mo gbọ́ ohùn méjì níbẹ̀. Ohùn kan jẹ́ ti Màmá. Èkejì, n kò mọ̀ ọ́n rí.

Mo yọ orí. Màmá gbé ọ̀bẹ sókè, iṣu wà lọ́wọ́ kejì, Jéédìn jókòó síwájú rẹ̀ lórí ife mi tó dojú dé.

"Àlàbí, kí la fẹ́ bẹ?"

Ó béèrè, ó sì dákẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Nínú ilé wa, ẹni tó bá bi Jéédìn ní ìbéèrè ti fèsì rẹ̀ fún un kó tó la ẹnu. Màmá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sókè, ó ń wò ó, bí ẹni pé gbogbo ọjọ́ náà ò ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹyẹ kan bà sórí táǹkì, ó sì tún fò lọ. Ẹnu Jéédìn ń mì, ètè rẹ̀ ń yọ síwájú.

"Uu. Uṣu."

"Uṣu ni! Uṣu la fẹ́ bẹ. A fẹ́ bẹ uṣu, a fẹ́ se é, a fẹ́ gún un. Ọmọ yìí gbọ́n ju gbogbo mínísìrì lọ." Ni ọ̀bẹ bá wá sọ̀kalẹ̀.

Mo jáde síta, mo fọwọ́ sí ìdí. "Màmá, ẹ ń sọ Yorùbá sí Jéédìn."

Kò tilẹ̀ gbọ̀n. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kìtì ni mò ń sọ. Ṣé wọ́n fi òfin de Ẹ̀kìtì náà ni?"

Ó bu iṣu sísun kan fún mi tó ti fi epo pupa kùn, mo gbà á, mo jẹ ẹ́ tán, mo nu ọwọ́ mi, mo sì wọlé lọ kọ ọ́ sínú fáìlì. Ẹ lè rí i pé iṣẹ́ ìjọba ti wà lára mi láti kékeré. Ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sí ojú ìwé tí Dádì la òpó sí, nítorí Yorùbá ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ibẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo lọ, mo fi pẹ́ńsù kọ àkọlé sí i: ÌWÉ Ẹ̀SÙN. Ẹ̀sùn kìíní: Wọ́n ní, "Kí la fẹ́ bẹ?", Jéédìn sọ pé "uṣu". Ibi tó ti ṣẹ̀: ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ẹni tó kó o sí i: Màmá Ẹ̀kìtì. Mo ń dúró de ọjọ́ tí ẹ̀sùn náà yóò pọ̀ tó láti fi mú un.

Ojoojúmọ́ ni ẹ̀sùn ń wọlé. Màmá ò kọ́ ọmọ náà ní ohunkóhun tí ẹ lè pè ní ẹ̀kọ́. Ó kàn ń sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ni. Bó bá ń wẹ̀ ẹ́: "A dé orí, a dé etí, umú dà?", á sì dúró títí ọmọ náà yóò fi di imú rẹ̀ mú. Bó bá ń gúnyán: "Gbì! Kò tíì kúnná. Gbì! Ó ti ń kúnná." Bí Jéédìn bá sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, kò ní sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á sì dá a padà fún un ní odindi. Bí ó bá wí pé "bà", Màmá á ní, "Bàtà. Mú bàtà wá fún mi, ẹsẹ̀ ń ta mí," bàtà á sì dé. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn mi kún ojú ìwé kan, ó di ojú ìwé kejì, ó mú ẹ̀yìn rẹ̀. Níwájú nínú fáìlì kan náà, yàtọ̀ sí "Mọ́mì" tí kò ní ẹlẹ́rìí, òpó Dádì ṣófo bí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ lọ́sàn-án.

Bóyá ǹ bá má sọ ọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ odó ló bà á jẹ́. Mo ń wo eré ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti dé ibi tó dùn, ni Màmá pè mí pé kí n wá fọ odó. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún pè. Mo ní, "I'm coming, ma," mo sì nà sórí àga. Màmá yọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Dúpẹ́, ṣé wọ́n ti fi òfin dè ọ́ kúrò nínú Yorùbá gbígbọ́ ni, àbí kí n pè ọ́ ní 'kọ́ọ̀mù'?"

Ni Jéédìn, ẹni tí fáìlì sọ pé kò ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, bá nàka sí mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lulẹ̀, ó sì wí pé, "Kọ́ọ̀mù!" Èmi wolé-wolé ni ọmọ abẹ́ àyẹ̀wò mi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Mọ́mì ṣe ń bọ́ bàtà ọ́fíìsì rẹ̀, mo rojọ́ Màmá láti orí iṣu dé orí ìwẹ̀. Ohun tí kò yẹ kí n yọ kúrò ni mo yọ: mo sọ gbogbo ohun tí Màmá sọ, n kò sọ èyí tí Jéédìn fi dáhùn. Mo fẹ́ kí ẹjọ́ náà rọrùn.

Mọ́mì ò pariwo. Ó lọ bá Màmá ní ilé ìdáná, ó sì wí pé, "Màmá, ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun gan-an." Bí ìyàwó bá dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ìyá ọkọ láì tíì gba nǹkan, kí kálukú yáa mọ ibi tí bàtà rẹ̀ wà. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n rán Dádì sí ìyá rẹ̀. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìlànà tí a ti fẹnu kò lé lórí nínú ilé, àti pé bóyá Yorùbá ẹ̀yìn ilé ìdáná ló fà á tí ọmọ náà ò fi tíì sọ̀rọ̀, nítorí èdè méjì.

"Káyọ̀," Màmá ní, "èdè wo ni mo fi lé ọ kúrò nídìí yẹ̀pẹ̀ tí o máa ń jẹ?"

Dádì wo ilẹ̀.

"Ó dára. Mo ti gbọ́. Ẹ̀yin ní Ọjọ́bọ̀ lẹ ó gbé e lọ rí nọ́ọ̀sì nítorí ọ̀rọ̀ tí kò sọ. Èmi ń lọ sílé ní Sátidé. Kí wọ́n má baà ní èmi ni mo gbé ahọ́n ọmọ lọ, n ó dákẹ́ títí di ìgbà náà."

Ó sì dákẹ́. Ẹ ò mọ ariwo tí obìnrin kan ń pa nínú ilé àfi ìgbà tó bá dákẹ́. Kò sí gbì mọ́ lẹ́yìn ilé. Bàbá alátùnṣe bàtà ń kọjá, kó-kó-kó rẹ̀ ń dún kedere. Màmá ń se oúnjẹ, ó ń wẹ ọmọ, ó ń di ẹrù sínú báàgì Gánà, gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì sì ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ ní pálọ̀. Ní òwúrọ̀ kìíní, Jéédìn gbé iṣu kékeré kan wá bá a, ó dojú ife mi dé, ó jókòó, ó ń dúró de ìbéèrè. Màmá bẹ iṣu. Jéédìn wo ọ̀bẹ, ó wo ẹnu rẹ̀. "Uṣu," ó sọ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. "Uṣu?" Màmá yí ojú sí ògiri, mo sì rí i pé ó fi etí ìró nu ojú. Ní ọjọ́ kejì, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó lórí ife náà láìsọ nǹkan kan, lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì lọ bá tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo ní pẹ́ńsù lọ́wọ́. N kò kọ èyí sílẹ̀. Kò sí òpó fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wa lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan, Màmá náà bá wa lọ nítorí Jéédìn ò gbà kí ẹlòmíràn gbé òun. Nọ́ọ̀sì náà jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Hausa. "Sànnu, sànnu, ẹ jókòó." Ó mi nǹkan wòroworo lẹ́yìn etí ọ̀tún Jéédìn, ọmọ náà yíjú, ó mi ín lẹ́yìn etí òsì, ó yíjú. "Yauwa. Etí rẹ̀ dára. Àwọn ọ̀rọ̀ wo ló máa ń sọ nílé?"

"Kò sí," Mọ́mì dáhùn, ohùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. N kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, pé kì í ṣe nítorí Sóè nìkan.

Dádì fi ọwọ́ méjèèjì gbé fáìlì lé tábìlì bí ẹni tó ń gbé ẹ̀bùn. Nọ́ọ̀sì ṣí i, ó rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní ẹlẹ́rìí, ó ṣí ojú ìwé kejì, ó ṣófo, ó mi orí. Ó fẹ́ pa á dé, ni fáìlì náà bá ṣubú ṣí láti ẹ̀yìn. "Kí ni gbogbo èyí?" Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Èdè yín nìyí, n kò lè kà á. Ọ̀gá, ẹ kà á fún mi."

Ilẹ̀ ò là kó gbé mi mì. Mo wò ó dáadáa, kò là.

Dádì wọ awò rẹ̀. "Ìwé ẹ̀sùn," ó kà, ó sì wò mí lókè awò. "Ẹ̀sùn kìíní. Wọ́n ní, 'Kí la fẹ́ bẹ?', Jéédìn sọ pé 'uṣu'." Jéédìn, tó ti fi orí lé èjìká Màmá, gbé orí sókè. "Ẹ̀sùn kejì. Wọ́n ní, 'Mú bàtà wá,' ó sì mú un wá." Dádì ò tíì dé ìparí gbólóhùn náà tí ọmọ náà fi sọ̀kalẹ̀ lára Màmá, ó wọ abẹ́ tábìlì, ó sì gbé bàtà nọ́ọ̀sì jáde fún un. Nọ́ọ̀sì ní "Kai!" Dádì tẹ̀ síwájú, ohùn rẹ̀ ti ń yí padà, ó ti ń jáde kúrò ní mínísìrì. "Ẹ̀sùn kẹta. 'Umú dà?'" Jéédìn fi ìka méjì di imú ara rẹ̀ mú, ó dúró gbọn-in bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Dádì ń kà á lọ, kì í tún ṣe Yorùbá iléèwé ló ń kà mọ́, ohùn ìyá rẹ̀ ni, ohùn ilé wọn ní Ẹ̀kìtì, n kò mọ̀ pé ó ní irú rẹ̀ lọ́fun. Nígbà tó parí ojú ìwé náà, ó tún padà sókè, ó bọ́ awò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

"Àlàbí. Kí la fẹ́ bẹ?"

Ó sì dákẹ́. N kò kọ ọ́ síbi kankan nínú ìwé ẹ̀sùn pé kí ó dákẹ́; òun ló rántí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Jéédìn wo Dádì, ó wo Màmá. Màmá ti búra pé òun ò ní sọ̀rọ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, bí ẹni tó mú ọ̀bẹ dání.

"USU!" Àwọn tó wà ní kọ́rídọ̀ gbọ́ ọ. Ìdunnú ò jẹ́ kó pè é dáadáa, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹlẹ́rìí.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ bàtà rẹ̀ sódì. "Madam, ọmọ yín ò yadi. Ẹ̀yin lẹ yadi sí i. Èdè tó bá pọ̀ lẹ́nu yín ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bẹ́ ẹ ṣe ń se oúnjẹ, bẹ́ ẹ ṣe ń wọṣọ fún un. Ẹ béèrè, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ kó lè fèsì. Gẹ̀ẹ́sì wà ní iléèwé, kò ní sá lọ." Ó tún ṣí ẹ̀yìn fáìlì. "Ta ló kọ èyí? N kò tíì rí òbí kankan tó fara balẹ̀ kọ irú rẹ̀ wá fún mi." Gbogbo wọn wò mí. Dádì, tó ti ka àkọlé rẹ̀, tó mọ̀ dáadáa pé mo kọ ọ́ láti fi mú ìyá òun ni, ò sọ nǹkan kan. Mo tẹ orúnkún díẹ̀. "Thank you, ma," mo ní. Mo gba ìyìn náà, mo sì gbé e délé.

Nínú mọ́tò, a ti ń wọ abẹ́ afárá. Mọ́mì ló jókòó níwájú, ó ń fi ìka fọ gíláàsì tí kò dọ̀tí.

"Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí," ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn, "àbí kí n kọ̀wé béèrè?"

Ni Mọ́mì bá bú sẹ́kún àti ẹ̀rín lẹ́ẹ̀kan náà. "Màmá, ẹ má lọ lọ́jọ́ Sátidé, mà. Ẹ jọ̀ọ́." Kò dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Odó mi ti gbẹ," Màmá ní. "Ta ló máa fọ̀ ọ́?"

Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Màmá dúró títí wọ́n fi kórè iṣu tuntun. Dádì ṣí fáìlì apá kejì, ó la òpó kan kún un fún Ẹ̀kìtì, Màmá sì ń tẹ ìka sí àyè ẹlẹ́rìí. Mọ́mì ya àwọn ìwé ara ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Jéédìn sọ̀rọ̀ nílé ìdáná bí ẹni tó gba ìsinmi, kò sì jọ pé ó mọ bó ṣe ń dùn mọ́ òun náà tó. Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ìgbéraga náà kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì Sóè sọ̀kalẹ̀ wá kí wa, mo gbọ́ tí Mọ́mì ń sọ fún un, pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré, pé Jéédìn ń sọ èdè méjì, pé àwọn onímọ̀ ló dámọ̀ràn rẹ̀, pé ó mà ṣe o pé àwọn ọmọ kan ò ní ju ẹyọ kan lọ. Jéédìn fúnra rẹ̀ ti di gìrìpá báyìí, òun ni wọ́n ń fi síwájú nínú àríyànjiyàn iléèwé wọn, kì í sì í dákẹ́. Àwa la wá ń fẹ́ òfin.

Mo ti lọ sí yunifásítì láti ìgbà náà, mo sì ti gba owó lọ́wọ́ àwọn ìwé ìròyìn láti fi irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Jahi, ní Abuja kan náà, ni mò ń gbé. Mo ní ọmọbìnrin kan tó ti ń fẹsẹ̀ rìn. Màmá Ẹ̀kìtì máa ń pè é lórí fóònù láti ilé, á béèrè pé kí la fẹ́ bẹ, á sì dákẹ́, a ó máa gbọ́ adìẹ ẹ̀hìnkùlé rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi rí nǹkan sọ. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ nídìí ìwẹ̀. Mo ń béèrè, mo sì ń pa ẹnu mọ́. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, aṣọ rẹ̀ dára, fóònù rẹ̀ sì dára ju aṣọ lọ, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lè rìn dáadáa ti ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé "no, thank you". Ọmọ mi na ọwọ́ sí ìgò tó wà nínú báàgì mi, ó yọ ètè síwájú, ó sì wí kedere, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, pé, "Omi."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Aww. What did she say?"

Mo wo aṣọ rẹ̀. Mo wo fóònù rẹ̀.

"Water," mo ní. Láti inú imú.